Ìyáàlù kan, sípíkà méjì: bí a ṣe ń fi íápíìsì hybrid wéra

Ẹ káàbọ̀ o. Íápíìsì hybrid méjì, tí oríṣi sípíkà méjì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ló wà lórí tábìlì yìí, pupa àti dúdú. Ẹ jẹ́ ká kàn máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iye owó ò gbọdọ̀ sí lọ́kàn yín nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ wọn. Nígbà tí fídíò yìí bá máa fi parí, ẹ ó lè jókòó sí yàrá yín níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, kí ẹ gbé íápíìsì méjì èyíkéyìí, kí ẹ sọ èyí tó dáa jù àti ìdí tó fi dáa jù, láìjẹ́ pé ẹnu ẹni tó ń tà á ní Tákìé tàbí ní Under G lẹ ti gbọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí a ti tú sílẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Nǹkan róbótó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó 10 mm yìí ni dynamic driver. Awọ tín-ínrín wà lójú rẹ̀, kọ́ìlì wáyà lẹ̀ mọ́ awọ náà lẹ́yìn, mágnẹ́ẹ̀tì sì wà nísàlẹ̀. Bí iná bá ti gba inú kọ́ìlì kọjá, awọ á máa lọ síwájú, á máa bọ̀ sẹ́yìn, á máa ti afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀sì, ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo, niṣẹ́ rẹ̀. Àpótí irin kékeré yìí, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì méjì tí a tò pọ̀ lọ, ni balanced armature. BA la máa ń pè é. Irin pẹlẹbẹ kan dúró sáàárín mágnẹ́ẹ̀tì méjì nínú rẹ̀, irin yẹn ló ń gbọ̀n, ọ̀pá wẹ́wẹ́ kan ló sì ń gbé gbígbọ̀n náà lọ sára awọ. Inú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa ń kì sétí ni wọ́n ti ń lò ó kí ó tó dé inú íápíìsì orin. Ó yára, ó máa ń la ohùn òkè sílẹ̀ fínnífínní, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó lè tì kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi dynamic tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kápásítọ̀ kékeré tí ẹ ń wò lára wáyà BA yìí ló ń dá bẹ́ẹ̀sì padà lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ohùn òkè nìkan lè wọlé sí i.

Ẹ wá ro ìyáàlù dùndún wò. Nígbà tí onílù bá fi kọ̀ǹgọ́ lu ojú awọ, ohùn méjì ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ohùn awọ tó wúwo, tó ń yí bí ọwọ́ ṣe ń fún ọsán, àti ohùn ṣaworo, àwọn idẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò yí etí ojú ìlù ká. Nínú íápíìsì hybrid, dynamic ló ń gbé ti awọ, BA ló ń gbé ti ṣaworo. Lójú agbo, ara ìlù kan ṣoṣo lohùn méjèèjì ti ń wá. Nínú hybrid tí wọn ò ṣe dáadáa, ṣaworo á ya kúrò lára ìlù, á dà bí ẹni pé ẹlòmíì jókòó sápá kan tó ń mi ṣaworo tirẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí etí yín lọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè rà íápíìsì tí bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pọ̀, ẹnikẹ́ni lè rí èyí tí òkè rẹ̀ mọ́ gaara. Ibi tí sípíkà méjèèjì ti pàdé ló ṣòroó ṣe, ibẹ̀ lowó wà.

Ohun tí a máa lò: fóònù méjì, ọ̀kan tí yóò máa kọrin, ọ̀kan tí yóò máa wọn ohùn. Áàpù tó ń gbé ohùn Hz kan ṣoṣo jáde (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), wọ́n ń pè é ní tone generator. Áàpù tó ń wọn dB, ìyẹn bí ohùn ṣe ké tó. Máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Rọ́bà etí tí ìwọ̀n wọn pé, kékeré, àárín, ńlá. Kẹ́ ẹ wá lọ bá bíríkìlà kan, kó gé díẹ̀ fún yín lára rọ́bà tó mọ́ gaara tí wọ́n ń bu omi sí láti fi wo lẹ́fẹ́lì, èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 8 mm. Ìwọ̀n 2.5 cm péré la nílò. Ìwé àti bírò. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún lọ́wọ́, ẹ dúró ná. Ohùn jẹnẹrétọ̀ máa ń bo ìsàlẹ̀ orin mọ́lẹ̀, ẹ ó wá máa bú íápíìsì tí kò ṣẹ̀.

Ìmọ́tótó ló kàn. Ẹ gbé ẹnu íápíìsì sókè sí iná tọ́ọ̀ṣì. Àwọ̀n irin kékeré tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ la gaara. Nínú ọyẹ́, eruku pupa ìlú wa yìí máa ń pàdé ìdọ̀tí etí níbẹ̀, wọ́n á di àmọ̀, ohùn òkè ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Ẹ da ojú àwọ̀n kọ ilẹ̀, kí ohun tó bá já má baà wọ inú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun gbígbẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹnu BA wà lẹ́yìn àwọ̀n yẹn gan-an nínú ọ̀pọ̀ hybrid, bí abẹ́rẹ́ bá kàn án, ó tán nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ wáyà wò. Ọ̀pọ̀ hybrid ni wáyà wọn ṣeé yọ, tí ó ní pín-ìn-nì méjì tó nípọn tó 0.78 mm. Bí ẹ bá kì í sódì lápá kan, sípíkà ọ̀tún á máa ti afẹ́fẹ́ nígbà tí tòsì ń fà á. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ ṣí ohùn ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n gbà ní mono, ìyẹn ni pé ohùn kan náà ló ń lọ sí etí méjèèjì. Bí wáyà bá tọ́, ohùn náà á dúró sáàárín orí yín gangan, bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn iwájú orí. Bí ó bá jẹ́ òdì, ohùn á fọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò ní ní ibùdó, bẹ́ẹ̀sì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ yọ apá kan, ẹ yí i padà, kí ẹ tún gbọ́.

Ó wá kan rọ́bà etí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí jù. Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ń ṣe, èyí ló pọ̀ jù: wọ́n máa ń lo rọ́bà tó bá íápíìsì wá, wọn ò ní pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á wá ní pupa ní bẹ́ẹ̀sì, dúdú ò ní. Bẹ́ẹ̀sì ò lè dúró nínú etí tí afẹ́fẹ́ ń jò. Ihò tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà ti tó láti gbé e lọ, ohùn àárín ò sì ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Nítorí náà, rọ́bà kan náà, ìwọ̀n kan náà, ni kẹ́ ẹ fi sórí méjèèjì, bí ẹnu wọn bá gbà á.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kì í. Ọwọ́ òsì ń gba ẹ̀yìn orí kọjá, ó di òkè etí ọ̀tún mú, ó fà á sókè, ó tún fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ihò etí á tọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wá kì íápíìsì wọlé pẹ̀lú yíyí díẹ̀. Ẹ tú etí sílẹ̀, kẹ́ ẹ ka márùn-ún kí rọ́bà lè jókòó. Bí ẹ bá gbọ́ kà-kà-kà bí ìwé tí wọ́n ń rún, awọ dynamic ló ń tẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un kì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kì í sábà bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ò dára fún un.

Ẹ wá ṣí 40 Hz lórí tone generator, kí fọ́lúùmù má pọ̀. Ohùn náà gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì, kó máa kùn láìdáwọ́ dúró. Ẹ ya ẹnu, ẹ pa á dé. Bí 40 Hz bá ń lọ tó ń bọ̀ bí àgbọ̀n yín ṣe ń lọ, rọ́bà kéré jù. Ẹ mú ìwọ̀n tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni etí ọ̀tún wọn kò bá tòsì dọ́gba, kò sí ohun tó burú nínú lílo àárín sápá kan àti ńlá sápá kejì.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí rọ́bà. Ẹ jẹ́ ká mú kí pupa àti dúdú máa ké dọ́gba.

Èyí tó bá ké jù ló máa ń dùn jù létí, kódà bí ìyàtọ̀ ò bá ju dB kan lọ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: lọ́dún 1933, Fletcher àti Munson ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde tó fi hàn pé bí ohùn ṣe ń rẹlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ letí wa ń pàdánù bẹ́ẹ̀sì ju bó ṣe ń pàdánù ohùn àárín lọ. Íápíìsì tó bá rẹlẹ̀ á dà bí èyí tí kò ní ìsàlẹ̀, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Sípíkà kan náà ni, fọ́lúùmù ló yàtọ̀.

Ẹ mú rọ́bà lẹ́fẹ́lì 2.5 cm yẹn. Íápíìsì wọ ẹnu kan, máìkì wọ ẹnu kejì, tépù yí ẹnu méjèèjì rọ́bà náà ká kí afẹ́fẹ́ má jò. So máìkì mọ́ fóònù kejì, ṣí áàpù dB. Ẹ rí i pé ẹ pa gbogbo ohun tó bá ń tún ohùn máìkì ṣe fúnra rẹ̀ nínú áàpù náà, nítorí bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á máa gbé ohùn rírẹlẹ̀ sókè, nọ́ńbà á wá máa purọ́. Lórí fóònù àkọ́kọ́, ẹ pa equalizer àti Dolby, àwọn ohun tó ń yí ohùn orin padà. Ẹ ṣí pink noise, ariwo kan tó ń dún bí òjò lórí páànù. Ẹ kọ nọ́ńbà pupa sílẹ̀, ká ní 78. Ẹ fi dúdú sí i, ká ní 81.5. Dúdú gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ní 3.5 dB.

Ẹ má fi bọ́tìnnì fọ́lúùmù fóònù ṣe é. Ọ̀pọ̀ Android ò ní ju àtẹ̀gùn 15 lọ, àtẹ̀gùn kan sì lè fo dB méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lọ sínú áàpù orin, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ preamp sí, ibẹ̀ lẹ ti lè fi 0.5 tàbí 0.1 dB dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ dín dúdú kù, ẹ má fi kún pupa, kí orin má baà fọ́. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ra tó 0.5 dB, ó tó. Kí ẹ sì mọ̀ pé 78 yẹn kì í ṣe iye tó ń dé inú etí yín gan-an. Rọ́bà bíríkìlà kì í ṣe etí. Ó kàn ń sọ pé méjèèjì dọ́gba ni.

Ohun kan tún kù tó jẹ́ ti hybrid gan-an, àwọn tó ń lo dynamic nìkan ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí wàhálà rẹ̀. Ohm, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó. Lára páálí, wọ́n lè kọ 16 ohm sí i, ṣùgbọ́n ohm BA kì í dúró lójú kan, ó ń yí bí ohùn ṣe ń gòkè. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní íápíìsì kan jẹ́ 20 ohm ní bẹ́ẹ̀sì, ó wá já sí 8 ohm ní òkè. Ẹ fi í sínú ẹ̀rọ tí ohm ẹnu rẹ̀, ibi tí wáyà ń wọ̀, jẹ́ 10. Bẹ́ẹ̀sì á gba 20 nínú 30, òkè á gba 8 nínú 18. Òkè ti pàdánù 3.5 dB ju bẹ́ẹ̀sì lọ, íápíìsì á wá dà bí ẹni tó bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sínú ẹ̀rọ tó jẹ́ 1 ohm, ìyàtọ̀ náà ò ní ju 0.6 dB lọ. Ìdí nìyí tí íápíìsì kan náà á fi dùn lórí fóònù ẹnì kan, tí kò ní dùn lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, àwọn méjèèjì á sì máa jiyàn, bẹ́ẹ̀ òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Orí ẹ̀rọ kan náà ni kí ẹ ti gbọ́ pupa àti dúdú. Bluetooth ò sí nínú iṣẹ́ òní, wáyà ni.

Ó wá ku orin. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tí wọ́n ti tún ohùn rẹ̀ ṣe ní situdíò, nítorí ẹ ò mọ bí ìlù inú rẹ̀ ṣe dún gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú. Òde ìgbéyàwó ò wọ́n l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ní Sátidé. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Àyàn, ẹ dúró ní nǹkan bí mítà kan ààbọ̀ síwájú ìyáàlù, ẹ fi áàpù tó ń gba WAV, fáìlì ohùn tí wọn kò fún pọ̀, gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa fúnra yín bí wọ́n ṣe ń lù ú. Ohun tí etí yín gbọ́ níbẹ̀ nìwọ̀n tí a máa lò.

Ní báyìí, pupa wà létí mi, fọ́lúùmù ti dọ́gba. Mo ń gbọ́ kọ̀ǹgọ́ bí ó ṣe ń kan awọ, ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e, ṣaworo sì wà lórí rẹ̀ gangan, ó ń ṣẹ́ bí ìlù ṣe ń yí. Mo pààrọ̀ sí dúdú. Ṣaworo mọ́ gaara ju ti pupa lọ, ẹni tó bá ń kánjú á ní dúdú ló dáa. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Nígbà tí onílù fún ọsán tí ohùn ìlù gòkè, ibì kan wà láàárín tí ìlù ti rẹlẹ̀, ó sá sẹ́yìn, ṣaworo nìkan ló kù níwájú. Lẹ́yìn náà ni ìlù tún jáde. Ibi tí dynamic ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún BA nìyẹn, ìfisílẹ̀ náà ò sì dán mọ́rán.

Ẹ jẹ́ ká fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú tone generator. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 100 Hz, ẹ rọra gbé e dé 10,000, kó gbà yín tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Bírò wà lọ́wọ́. Níbikíbi tí ohùn bá ti rì lójijì tàbí tó fò sókè, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ní nǹkan bí 3,000 Hz, ohùn á ga díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ íápíìsì. Ẹ má kọ ìyẹn mọ́ àṣìṣe, bí etí ènìyàn ṣe rí nìyẹn. Nínú dúdú, ohùn rì láàárín 1,800 àti 2,200. Sípíkà méjèèjì ló ń gbé ohùn kan náà jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà. Bí ẹni méjì bá di ilẹ̀kùn kan mú, tí ọ̀kan ń tì í tí èkejì ń fà á, ilẹ̀kùn ò ní lọ síbì kankan. Equalizer ò lè wo èyí sàn, nítorí bí ẹ bá fi kún un, àwọn méjèèjì lẹ fi kún.

Dúdú tún fò sókè ní 8,000 Hz. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ẹ ti íápíìsì wọlé díẹ̀ sí i, kí ẹ tún gbọ́. Ó ti lọ sí 8,700 báyìí. Ohun tó bá ṣí kúrò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti sípíkà, ihò etí yín ló ń dún, láàárín rọ́bà àti awọ etí. Ohun tí kò bá ṣí kúrò, ti íápíìsì ni.

Ó ku ohùn ènìyàn. Ẹ gba ohùn ẹnì kan tó ń sọ gbólóhùn yìí: "Ó sá wọlé, ó ṣá igi, ó sì ṣí fèrèsé." Agbára s wà lókè, láti nǹkan bí 5,000 Hz lọ. Ti ṣ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, láti nǹkan bí 2,500. Nínú íápíìsì tó dáa, "sá" àti "ṣá" á yàtọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń ronú. Bí òkè bá pọ̀ jù, s á máa gún etí bí abẹ́rẹ́, ṣ náà á sì máa fẹ́ di s. Ẹ má lo ohùn ẹni tó ń pe ṣ bíi s, bí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ṣe ń ṣe, ẹ ò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú ẹnu àti íápíìsì.

Àwọn kan máa ní ká dijú, kí ẹlòmíì máa pààrọ̀ rẹ̀ fún wa. Fún wáyà tàbí ẹ̀rọ, mo fara mọ́ ọn pátápátá: ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bí ẹ kò bá gba mẹ́sàn-án ó kéré tán, ẹ gbà pé ẹ ò gbọ́ ìyàtọ̀. Fún íápíìsì, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí etí ti mọ ìwúwo àti ìrísí wọn kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Dípò ìyẹn, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá orin kan náà lórí pupa, mẹ́wàá lórí dúdú. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ sinmi, nítorí etí tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ òkè dáadáa mọ́.

Nínú ìwé yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì, ẹ kọ ẹ̀rọ tí ẹ lò, ìwọ̀n rọ́bà lápá kọ̀ọ̀kan, iye preamp, àti nọ́ńbà Hz tí ohùn ti rì. Bí íápíìsì kẹta bá dé lóṣù tó ń bọ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Pupa ni mo mú lónìí, nítorí ṣaworo rẹ̀ ò ya kúrò lára ìlù.

Bí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ má fà á tìrìgbò. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka gbé etí rọ́bà sókè lápá kan kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ẹ yí i díẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá rọra mú un jáde.